Ìgbà Tí A Bẹ̀rẹ̀ Sí Wo Ẹyẹ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ìwàásù. Ìjẹ́wọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìgbádùn sì ni pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni, àti ti òdòdó.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní ọdún 2019, a wàásù láti inú ìwé Mátíù orí 6, níbi tí Olúwa wa ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n wo àwọn ẹyẹ àti àwọn òdòdó inú pápá, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú àníyàn. A ti wàásù lórí ibẹ̀ ju ogún ìgbà lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì tí a lọ, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń pín ìwàásù sí ọ̀nà mẹ́ta, a sì pín ti ọjọ́ náà sí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Àwọn ènìyàn ṣe àmín. Nígbà tí ìsìn parí, ọmọbìnrin kékeré kan láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ẹyẹ wo ló wà nílé yín?"

A rẹ́rìn-ín. A ní, "Adìẹ wà, tòlótòló náà sì wà."

Ọmọ náà ní, "Rárá sà, ẹyẹ tó ń fò. Èyí tí Jésù ní ká wò."

Ẹ gbà wá gbọ́, ẹnu wa wọhò. Ológoṣẹ́ ni a kọ́kọ́ rántí, a fi àdàbà tẹ̀ lé e, ó sì tán. Àwa tí a mọ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń dárúkọ aró agbe, osùn àlùkò àti ẹfun lékeléke nínú àdúrà, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojú wa rí agbe rí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a fi àtè mú ẹyẹ, a fi kànnàkànnà pa ẹyẹ, a sì sun ún jẹ. Ṣùgbọ́n ká dúró kí á wo ẹyẹ kan títí yóò fi parí ohun tó ń ṣe, a kò ṣe é rí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wo ẹyẹ, àwa alára kò sì wò.

Ilé wa wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Ìbàdàn. Nígbà tí a kọ́ ọ parí, a ti pinnu pé a ó da kọnkéré sí gbogbo iwájú ilé, kí ẹrẹ̀ má bàa wọ inú pálọ̀, kí ejò má rí ibi sá pamọ́ sí, kí àwọn tó bá sì gbé mọ́tò wá kí wa rí ibi gbé e sí. Ìyá àwọn ọmọ wa ló bẹ̀ wá. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bo gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ bá mi fi apá ọ̀tún sílẹ̀." A ní kí ló fẹ́ fi ṣe nígbà tí ẹ̀fọ́ kún ọjà. Ó ní òdòdó ni òun fẹ́ gbìn. A ní, "Òdòdó? Ta ló ń jẹ òdòdó?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. A rí i lójú rẹ̀ pé ó dùn ún, ṣùgbọ́n a kò tọrọ àforíjì. A fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún un, kì í ṣe pẹ̀lú inú dídùn, a sì da kọnkéré sí apá òsì.

Ó gbin hibiscus yí ògiri ká, pupa àti òféfèé. Ó gbin ixora sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó fi bougainvillea sí ẹnu géètì, ó sì gbin allamanda, èyí tí òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹyin adìẹ tí a là, tó sì rí bíi fèrè. Igi àgbọn méjì wà lẹ́yìn ilé, akòko ńlá kan sì wà lẹ́bàá ògiri kí a tó ra ilẹ̀ náà. Láàárín ọdún mẹ́ta, apá ọ̀tún ilé wa ti di ohun tí àwọn tó ń kọjá máa ń dúró wò. A ń gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé, a ń gba ibẹ̀ jáde, fóònù ń bẹ létí wa, a kò sì rí nǹkan kan.

Nígbà tí ó di ọdún 2020, àrùn kòrónà dé, wọ́n sì ní kí á ti ilé ìsìn. Ẹ̀yin náà rántí àkókò náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti ń ṣe iṣẹ́ Olúwa, ọjọ́ Ìsinmi dé, a kò sì ní ibi tí a ń lọ. Àníyàn bò wá mọ́lẹ̀. A ń ronú nípa àwọn ọmọ ìjọ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, a ń ronú nípa ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà, a ń ronú nípa owó ilé ìsìn tí a kò tíì san. Oorun kò kùn wá mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wa ń ru. Àwa tí a ti pín àníyàn sí ọ̀nà mẹ́ta lórí pẹpẹ ni àníyàn wá pín sí wẹ́wẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àwọn ọmọ wa gbé àga kan sábẹ́ akòko, ó gbé ife tíì kan tì í, ó ní, "Ẹ wá jókòó síbí. Ẹ má mú fóònù wá." A jókòó, a ń kùn. Kò pẹ́ tí ẹyẹ kékeré kan fi dé sórí hibiscus.

Ẹyẹ náà kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ púpọ̀. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, ó sì tẹ̀ kọrọdọ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Nígbà tí oòrùn kàn án lára, ọrùn rẹ̀ ń dán yinrinyinrin bí aṣọ sányán olówó iyebíye. Ó bà lé ẹ̀ka, ó fi ẹnu lu ìdí òdòdó láti ẹ̀gbẹ́, ó fa omi dídùn inú rẹ̀, ó sì bọ́ sórí òmíràn. Èkejì rẹ̀ tẹ̀ lé e, tí kò dán bí i tirẹ̀, ìyẹn sì ni abo. Sunbird ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nígbà tí a sọ fún ọmọ wa lórí fóònù, ó ní irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ní Amẹ́ríkà, ó sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. A wá gbọ́ pé wọn kì í ṣe ẹbí. Ti Amẹ́ríkà, hummingbird, máa ń dúró lófuurufú tí yóò máa gbọn ìyẹ́ nígbà tó bá ń fa omi òdòdó. Tiwa sábà máa ń bà lé ẹ̀ka kí ó tó mu. Ẹlẹ́dàá dá méjèèjì sí ọ̀nà jínjìn sí ara wọn, ó sì rán wọn ní irú iṣẹ́ kan náà.

Ní ọjọ́ kejì, a tún jókòó. Ní ọjọ́ kẹta, kò sí ẹni tó pè wá kí a tó jáde. A mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ń mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí a bá rí sínú rẹ̀. A ṣe òfin kan fún ara wa: ohun tí ojú wa kò bá rí, a kò ní kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí òfin yìí, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Àwọn ẹ̀ga tó wà lórí igi àgbọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ìwé náà. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀tá wa ni wọ́n. Ariwo wọn kò jẹ́ kí a sùn, wọ́n sì ti ya ewé àgbọn wa sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ títí ó fi dà bí ìgbálẹ̀. A ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti wá gé àwọn ìtẹ́ wọn bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó wò wọ́n, a rí i pé akọ ló ń kọ́lé. Aláwọ̀ ìyeyè ni, orí rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ pupa. Yóò ya ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, yóò fi ẹnu àti ẹsẹ̀ ta á ní kókó mọ́ imọ̀, yóò sì máa hun ún títí ilé náà yóò fi rí roboto, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò kọjú sílẹ̀. Bí ó bá parí, yóò dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, yóò máa gbọn ìyẹ́, yóò máa pariwo, kí abo lè wá wò ó. Abo yóò wọlé, yóò fa ibí, yóò fa ọ̀hún. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun ni yóò tẹ́ inú rẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fò lọ. Bí kò bá sì sí abo tó gba ilé náà, akọ yóò tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

A rí i tí ọ̀kan tú ilé palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá àwọn ọmọ wa wò wá, kò sọ̀rọ̀. Àwa náà wo kọnkéré apá òsì, a kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wa ronú sí i.

Inú ẹbí ẹ̀ga yìí náà ni ẹyẹ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn fi yangàn. Dúdú àti pupa ni. Ní ọdún 1958 ni ọ̀gbẹ́ni Elgood, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀, ó sì fi orúkọ Ìbàdàn sọ ọ́. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé, iye rẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́ nítorí igbó tí a ń gé. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA ní Ìbàdàn, ibi ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí a ti lè rí i. A kò tíì rí i nínú ọgbà tiwa, nítorí náà kò sí nínú ìwé wa. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ohun tí Ọlọ́run fún wa nìkan ṣe lè wà nítòsí wa, kí a má sì mọ orúkọ rẹ̀.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, a rí i pé àwọn ẹyẹ ní àkókò tiwọn. Nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, lékeléke yóò dé, àwọn ọmọdé àdúgbò yóò sì máa na ìka sókè sí wọn pé kí wọ́n fún àwọn ní èékánná funfun, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe nígbà tiwa. Àwòdì náà yóò máa rá bàbà lókè, àwọn abiyamọ adìẹ yóò sì máa pe ọmọ wọn mọ́ra. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò gba ìhà àríwá lọ. Ẹ̀lúlùú ní tirẹ̀ kì í fẹ́ kí a rí òun. Inú igbó ṣúúrú ló ń wà, ohùn rẹ̀ sì ń jáde kù-kù-kù bí omi tó ń dà láti ẹnu ìgò. Àwọn àgbà ní òjò ló ń pè. Ohun tí a kọ sínú ìwé ni pé a gbọ́ ohùn rẹ̀ ní àárọ̀, òjò sì rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí a gbọ́ ọ tí òjò kò rọ̀. Ìyẹn náà, a kọ ọ́.

Àwọn òdòdó pàápàá ní ìtàn. A rò pé tiwa ni gbogbo wọn, àṣé àlejò ló pọ̀ jù nínú wọn. Ilẹ̀ Brazil ni bougainvillea ti wá. Orúkọ ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Bougainville ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí àwọn tó bá a wọ ọkọ̀ ló rí i níbẹ̀ ní ọdún 1767. Ohun tí a sì ń pè ní òdòdó rẹ̀, tó pupa fòò yẹn, ewé ni. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí òdòdó gidi náà láàárín, funfun, kékeré báyìí. Ixora ti ìhà Íńdíà wá. Ilẹ̀ Éṣíà ni hibiscus pupa ti wá. Òun ni orílẹ̀-èdè Malaysia yàn ní òdòdó wọn ní ọdún 1960. Ọmọ onílẹ̀ ni akòko, èyí tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ sí orí ẹni tí wọ́n bá fi joyè. Nígbà tí òdòdó rẹ̀ bá yọ, tó pọ́n lẹ́búlẹ́bú bí àlùkò, àwọn ẹyẹ kékeré yẹn kì í kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sì wo àmì orílẹ̀-èdè wa dáadáa, ẹ ó rí àwọn òdòdó kéékèèké lórí koríko níbi tí àwọn ẹṣin funfun méjì dúró sí. Costus spectabilis ni orúkọ wọn, ẹbí tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún tí a mọ̀ ni. Owó ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìrìnnà, gbogbo rẹ̀ ni a ti fi àmì náà tẹ̀, a kò sì wo òdòdó ìdí rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́kàn wa nìyí.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2021, ẹyẹ mìíràn dé. Òru ló ń wá. Igbe rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ya aṣọ tuntun. Bí ó bá fò kọjá, ẹ kò ní gbọ́ ìró ìyẹ́ rẹ̀ rárá. Ojú rẹ̀ funfun, ó rí pẹrẹsẹ bí àwo. Òwìwí ni. Orí akòko wa ló ń kọ́kọ́ bà sí, lẹ́yìn náà yóò wọ abẹ́ páànù ilé tó wà lẹ́yìn ògiri wa.

Opó àgbàlagbà kan ló ń gbé ilé náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì sí nítòsí. Ẹ̀kọ ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí àwọn ènìyàn sọ. Wọ́n ní àwọn rí ẹyẹ òru tó ń wọ ilé Màmá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ẹni tó ra ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rí àwọn ìdì dúdú kéékèèké nílẹ̀ lábẹ́ akòko àti lẹ́bàá ògiri rẹ̀, irun àti egungun ló wà nínú wọn. Wọ́n ní oògùn ni.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa àti arákùnrin méjì wá bá wa. Wọ́n ní kí á gé akòko náà, kí á wá lọ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ó lé ìyá náà jáde. A ní, "Ẹ̀rí wo la ní?" Alàgbà náà fi ọ̀wọ̀ dáhùn, ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ ní ìṣọ́ òru, sà. Ẹ ní ẹyẹ tó ń ké lóru, ìránṣẹ́ ni."

Òtítọ́ ló sọ. A ti sọ ọ́, a sì ti fi ohùn ńlá sọ ọ́. Kì í ṣe pé a rí i. Ẹnu ẹlòmíràn ni a ti gbọ́ ọ, ìjọ sì pariwo àmín. Ara wa tutù. Àwa tí a kò jẹ́ kọ ohun tí a kò rí sínú ìwé olówó pọ́ọ́kú, a ti sọ ọ́ lórí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ wa sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu opó.

A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. A pe arákùnrin kan nínú ìjọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàólọ́jì, a sì pe alàgbà náà pẹ̀lú. A pa gbogbo iná, àwa àti ìyá àwọn ọmọ wa àti àwọn méjèèjì, a jókòó sábẹ́ akòko bí àwọn ọdẹ. Kò pẹ́ lẹ́yìn aago méje tí òwìwí náà fi dé. Nǹkan ń mì dirodiro lẹ́nu rẹ̀. Arákùnrin náà tan tọ́ọ̀ṣì sí i fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìrù eku ni. Ó wọ abẹ́ páànù, àwọn ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí sín bí ejò. Ìgbà mẹ́rin ni ó gbé eku wọlé kí aago mẹ́wàá tó lù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, olùkọ́ náà fi igi tú ọ̀kan lára àwọn ìdì dúdú yẹn níṣojú alàgbà. Ó ní òwìwí máa ń gbé eku mì lódindi, ohun tí inú rẹ̀ kò bá lè lọ̀, irun àti egungun, ni yóò pọ̀ jáde ní ìdì. Eyín eku wà níbẹ̀ lára egungun àgbọ̀n rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Alàgbà náà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́. Eku ni gbogbo àdúgbò wa ń sunkún lé lórí láti ọdún yẹn wá. Wọ́n ń jẹ aṣọ, wọ́n ń jẹ gàrí. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yà eku kan ló ń tan ibà Lassa kálẹ̀, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno. Ẹyẹ tí a fẹ́ lé lọ ló ń bá wa pa eku lọ́fẹ̀ẹ́.

A lọ sí ilé Màmá ní ọjọ́ náà gan-an. A dọ̀bálẹ̀. A sọ ohun tí a ti wí ní ìṣọ́ òru fún un, a kò fi bò. Ó ní ká dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé eku ló ń jẹ. Abẹ́ rẹ̀ ni mò ń sùn. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí léèrè?"

Ẹ̀yin ará, a kò ní èsì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a dúró níwájú ìjọ, a sì yí ọ̀rọ̀ wa padà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà. Àwọn kan ṣì ń gba òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n alàgbà náà ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ Màmá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé níṣojú gbogbo àdúgbò, ó sì jókòó níbẹ̀ jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ òwìwí fò lọ tán, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá Màmá pààrọ̀ páànù ilé rẹ̀. Ó gbé nínú rẹ̀ fún ọdún méjì sí i kí ó tó lọ sinmi. Òwìwí náà ti wá ibòmíràn, ṣùgbọ́n a ṣì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbọ́ ọ, Màmá ni a máa ń rántí.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ọgbà bẹ́ẹ̀, kò gba owó. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ tọrọ ẹ̀ka hibiscus lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ gé e tó gígùn pẹ́ńsù, ẹ gbé e sínú ilẹ̀ tó tutù níbi tí oòrùn kò ti mú jù, yóò hu. Bí ilẹ̀ kò bá sí, ẹ gbìn ín sínú kẹ̀ǹgbẹ̀ ọ̀dà tó ti lu ìdí. Ẹ gbé omi sínú àwo pẹrẹsẹ fún àwọn ẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹ máa dà á nù ní ojoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i. Ẹ fi ìbẹ́pẹ kan tàbí méjì sílẹ̀ kí ó pọ́n lórí igi. Ẹ má ṣe fi májèlé pa eku, nítorí ẹyẹ tó bá jẹ eku náà lè kú pẹ̀lú. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé nípa allamanda: omi funfun tó ń ṣe lára rẹ̀ kò dára fún ẹnu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gbé àga síta, ẹ fi fóònù sílẹ̀ nínú ilé.

Ọmọbìnrin tó bi wá léèrè lọ́jọ́sí ti dàgbà. A mú ìwé àkọsílẹ̀ náà fún un ní ọdún tó kọjá. Orúkọ ẹyẹ mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀, àwọn mìíràn kò sì ní orúkọ, àpèjúwe nìkan ni a ṣe. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó ku àwọn tiwa nílé."

Ní ti kọnkéré apá òsì, a pe àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sì kó o dànù. Ní ọjọ́ tí wọ́n parí, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àwọn ọmọ wa nítorí ọ̀rọ̀ tí a sọ nígbà tí a ń kọ́lé. Ó ń bu omi sí ìdí hibiscus lọ́wọ́. Kò dúró. Ó ní, "Dádì, ta ló ń jẹ òdòdó?"

A na ọwọ́ sí ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀. Ẹyẹ kékeré náà ti wà níbẹ̀, ó ń jẹun àárọ̀ rẹ̀.

Kí Olúwa bù kún ilé yín àti ilẹ̀ tó yí i ká, kí ó sì la ojú gbogbo wa.